Àkọsílẹ̀ Àwọn Aláìsàn tí Ó Kúrò ní Ilé-Ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, 1965 sí 2010: Kíkójọ àti Yíyẹ̀wò

Ìfáárà

Òpìtàn tí ó bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó kọ ọ́ àti ohun tí ó kọ ọ́ fún. Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni National Hospital Discharge Survey, èyí tí National Center for Health Statistics ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1965 títí di 2010. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ibi tí àwọn olùwádìí ti gbára lé àkọsílẹ̀ náà jù lọ gan-an ni ó ti mẹ́hẹ jù.

Kíkójọ

Wọn kò ka gbogbo aláìsàn. Wọ́n ṣa díẹ̀ nínú àwọn ilé-ìwòsàn tí aláìsàn kì í pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì yọ ti ológun àti gbogbo èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n mú, wọ́n tún ṣa díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe pé wọ́n padà sílé tàbí pé wọ́n kú. Òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn tàbí ti Bureau of the Census ni ó ń da ọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n dá aláìsàn dúró, ọjọ́ tí ó kúrò, àti orúkọ àrùn kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ìkúrò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún lè di mẹ́ta nínú ìṣirò.

Yíyẹ̀wò

Ní 1980, Institute of Medicine tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ni ó padà lọ tún àwọn àkọsílẹ̀ kan náà kà, tí wọ́n sì fi èsì wọn wé ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ ìdádúró bá ara wọn mu dáadáa. Olórí àrùn ni kò bára mu nígbà púpọ̀. Àìbìkítà nìkan kọ́ ni ó fà á. Bí ẹnì kan bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn papọ̀, èwo ni ó gbé e dé ilé-ìwòsàn? Dókítà lè kọ èyí tí ó le jù ṣáájú; ohun tí ìlànà sì ń béèrè ni èyí tí ó fa ìdádúró.

Ọ̀rọ̀ náà tún díjú sí i ní 1983, nígbà tí Medicare bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àrùn díwọ̀n owó tí yóò san fún ilé-ìwòsàn. Láti ìgbà náà, ètò tí wọ́n fi to orúkọ àrùn di ọ̀rọ̀ owó. Ní 1985 ẹ̀wẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra apá kan àkọsílẹ̀ náà lórí téèpù kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò.

Ìkádìí

Iṣẹ́ náà dópin ní 2010, National Hospital Care Survey sì rọ́pò rẹ̀. Iye ọjọ́ tí àwọn aláìsàn lò ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n bí àrùn kan bá pọ̀ sí i nínú ìwé lẹ́yìn 1983, òpìtàn gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ara àwọn ènìyàn ni ó yí padà, tàbí ọwọ́ akọ̀wé.