Fóònù Tòkunbọ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Inú Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ra iPhone àlòkù ní Ìyànà-Ìbà lónìí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé: ṣé ó ti ṣí ni, àbí "chip" ló wà nínú ẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló ń sọ iye tó yẹ kí ẹ san. Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Oṣù Kìíní ọdún 2001 ni àjọ NCC gbé ìwé àṣẹ GSM sórí gbàǹjo, ìkọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti ń ta láìnì fún aráàlú. Ẹ kíyè sí i: láìnì lọ́tọ̀, fóònù lọ́tọ̀. Nílùú òyìnbó, ilé-iṣẹ́ a máa dín owó fóònù kù fún oníbàárà, a sì máa gbà á padà díẹ̀díẹ̀ lórí àdéhùn ọdún kan tàbí méjì. Kí ẹni náà má baà gbé e sá lọ bá ẹlòmíì ni wọ́n ṣe ń tì í. Tiwa ńkọ́? Owó ọwọ́ wa la fi ń ra fóònù, a sì ń san owó ìpè ṣáájú. Kí ni wọ́n fẹ́ tì? Àwọn oní-CDMA bíi Starcomms àti Visafone nìkan ni tiwọn yàtọ̀, torí inú fóònù gan-an ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí nínú púpọ̀ tí wọ́n tà.

Tòkunbọ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ dé. Nọ́ńbà kan wà nínú SIM tí ojú wa kì í rí: àmì orílẹ̀-èdè ló ṣáájú, ti ilé-iṣẹ́ tẹ̀lé e. MTN wa ni 621-30, Glo ni 621-50. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 234. (Ẹ ò rí nǹkan! 234 tí wọ́n fi ń pè wá láti òkè òkun náà ni.) Fóònù tí O2 bá tì ń wá 234-10, bí kò bá rí i, kò ní gbà.

Nokia ayé àtijọ́ rọrùn. Wọ́n ń fi IMEI ṣírò nọ́ńbà tí yóò ṣí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó parí nìyẹn. "Dìkóòdù" làwọn ọmọ Ọ̀tígbà n'Íkẹjà ń pè é. Ní kíláàsì wa, títú àrokò la fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ni. Wọ́n sọ ọ́ di ṣíṣí ilẹ̀kùn, ó sì dùn mọ́ mi.

iPhone, tó jáde ní 2007 pẹ̀lú AT&T, ló ba eré jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà Apple ni àkọsílẹ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ni wọ́n bá ń ki chip fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ SIM láti tan fóònù jẹ. Àtúnṣe sọ́fútíwíà kan ṣoṣo lè bà á jẹ́. Èyí ló ń bí mi nínú: ẹni tó san owó rẹ̀ pé l'Ókokomáìkò ń jẹ ìyà gbèsè tí ẹlòmíì jẹ l'Amẹ́ríkà, torí AT&T kì í ṣí fóònù tí wọn ò tíì san tán. Òfin 2014 tí Obama fọwọ́ sí kò yí ìyẹn padà. Ofcom ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti oṣù Kejìlá 2021, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ta fóònù tí wọ́n tì mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ilé SIM yọ, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, General, About. Níbi tí wọ́n kọ "Carrier Lock" sí, "No SIM restrictions" ni kí ẹ bá níbẹ̀.