Owó Ibodè àti Àdéhùn Òwò Láàárín Àwọn Orílẹ̀-èdè Aládùúgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ọjà kì í kún bí ènìyàn kò bá gba ọ̀nà oríṣiríṣi wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti pọ̀ tó náà ni ẹnubodè pọ̀ tó, kò sì sí ẹnubodè tí kò ní oníbodè. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjì tí ó múlé ti ara wọn bá fọwọ́ sí ìwé pé ọjà ọ̀kan yóò máa wọ ilẹ̀ èkejì láìsan owó ibodè, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí oníbodè mú ọwọ́ kúrò lára ẹrù. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyí: owó tí oníbodè ń gbà tẹ́lẹ̀, ta ni ó ń fi í jẹun, kí ni a ó sì fi rọ́pò rẹ̀? Ìtàn fi hàn pé àdéhùn tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, owó ibodè kì í ṣe ohun tí òyìnbó mú dé. Ẹnu odi ìlú ni àwọn oníbodè máa ń jókòó sí, tí wọn a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn alájàpá. Àwọn Ìjẹ̀bú jàǹfààní ọ̀nà ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀ wọn ni ó wà láàárín Èkó tí ó wà létí òkun àti Ìbàdàn tí ó wà lókè. Àwọn ni ó ń ra ọjà lọ́wọ́ apá kan, tí wọ́n sì ń tà á fún apá kejì. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, Gómìnà Carter ti Èkó mú kí wọ́n ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kí owó ibodè dópin, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Kí oṣù karùn-ún ọdún náà tó parí, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ìmagbọn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó fa ogun náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan hàn gbangba: £500 lè wọ ààfin, kò lè dé gbogbo ilé tí iṣẹ́ alárinà ń bọ́.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ogun náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti jókòó, wọ́n ti pín ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àdéhùn ọjọ́ náà ni ó bí ààlà tí ó mú kí Kétu àti Ṣábẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ìlú Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń gbé iṣu lọ sí ọjà ìbátan rẹ̀ lánàá di ẹni tí ó ń kó ọjà wọ ilẹ̀ òkèèrè lónìí. Owó di oríṣi méjì, òfin di oríṣi méjì. Nígbà tí owó orí ọjà bá sì ga níhìn-ín tí ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ènìyàn a rí èrè nínú gbígba inú igbó kọjá lóru. Èyí ni Yorùbá ń pè ní fàyàwọ́. Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ni ó bí i. Ààlà ni ìyá rẹ̀, ìyàtọ̀ òfin ni bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà rò pé àdéhùn ni yóò tún ohun tí ààlà bàjẹ́ ṣe. Ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó ṣáájú tiwa, ìjákulẹ̀ rẹ̀ sì kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1967, Kenyatta ti Kẹ́ńyà, Nyerere ti Tànsáníà àti Obote ti Ùgáńdà fọwọ́ sí ìwé ní Kampala. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni ọkọ̀ ojú irin, èbúté àti ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n Kẹ́ńyà ni ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù láti ìgbà ìjọba òyìnbó. Nítorí náà Kẹ́ńyà ń tà, àwọn méjì yòókù ń rà. Wọ́n dá báǹkì ìdàgbàsókè kan sílẹ̀ tí yóò máa ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ fún Tànsáníà àti Ùgáńdà, síbẹ̀ ìkùnsínú kò tán. Nígbà tí Idi Amin gba ìjọba ní 1971, Nyerere kọ̀ láti bá a jókòó. Ní 1977 ẹgbẹ́ náà tú ká, Tànsáníà sì ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Kẹ́ńyà títí di 1983. Ọdún 1999 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún àdéhùn mìíràn ṣe ní Arusha.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, Gowon ti Nàìjíríà àti Eyadéma ti Tógò ni ó ṣe aáyan jù lọ kí ECOWAS tó dúró. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè 15 dá a sílẹ̀ ní Èkó. Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Àwọn tí ó kọ ìwé náà kò gbàgbé owó ibodè: wọ́n ṣètò àpò owó kan, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lomé, láti máa fi ṣe gbà-má-bínú fún orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ bá dín kù. Ní 1979 wọ́n tú ọjà oko àti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní 1990 wọ́n fi ọjà ilé-iṣẹ́ kún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Ọjà tí ó ti inú ilẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá nìkan ni àdéhùn náà dáàbò bò. Gàrí Kétu lè wọ Ìmẹ̀kọ láìsan owó ibodè. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ó ti Tàílándì gúnlẹ̀ sí Kútọnu kò di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí pé ó sùn níbẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí gan-an ni ó ń dá gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Nàìjíríà fẹ́ kí àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbèrú, nítorí náà a máa gbé owó gọbọi lé ọjà òkèèrè, tàbí kí ó fi òfin dè é. Ìrẹsì, adìẹ inú yìnyín àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ wà lára wọn. Ní ti Bẹ̀nẹ̀, owó orí ọjà tí ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu jẹ́ òpó ńlá fún ìjọba, púpọ̀ nínú ọjà náà sì ń forí lé Nàìjíríà. Bí ọ̀kan bá ti ń há ilẹ̀kùn mọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni èrè èkejì ń pọ̀ sí i. Ní 2015 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lo iye owó ibodè kan náà fún ọjà òkèèrè, èyí tí ó ga jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ 35 nínú 100; ṣùgbọ́n Nàìjíríà fi owó mìíràn kún ti ìrẹsì, ó sì fòfin de kíkó o gba orí ilẹ̀ wọlé ní 2016. Epo bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń ti Nàìjíríà lọ sí Bẹ̀nẹ̀ nínú kéègì, nítorí owó ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń san lórí rẹ̀. Nígbà tí a yọ owó náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí wọ́n ń pè ní kpayo wọ́n gógó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lójú títì Kútọnu.

Nígbà tí ara bá ta ìjọba, ẹnubodè ni ó máa ń tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari tì í nígbà tí ó pààrọ̀ owó náírà. Ó di 1986 kí a tó ṣí i. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Ibẹ̀ náà ni Bẹ̀nẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Kò tó ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ti ẹnubodè nítorí fàyàwọ́. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì kan dúpẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ gbówó lórí lọ́jà. Tòmátì àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jẹrà. Ọkọ̀ tí ń kó ọjà ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà lọ sí Gánà há sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ gan-an ni àdéhùn dáàbò bò. Onífàyàwọ́ ṣì mọ ọ̀nà igbó; ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ni kò rí ọ̀nà gbà. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni a ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ìdìroko dúró di 2022.

Àbùkù mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé. Lábẹ́ òfin ECOWAS, ọjà oko kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ìyá alágbo ata tí ó ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀ wá sí Àgbádárìgì yóò bá ibi àyẹ̀wò pàdé léraléra, kò sì sí ẹni tí ó ka òfin náà fún un lédè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn kò mọ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bèèrè owó.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Mali, Bùrùkínà Fásò àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, nítorí aáwọ̀ ìṣèlú. Àwọn 12 ni ó kù. Síbẹ̀ aládùúgbò kì í ṣí kúrò nílẹ̀ rẹ̀, Kétu àti Ìmẹ̀kọ yóò sì máa bá ara wọn ná ọjà. Ohun tí 1892, 1977 àti 2019 jọ fi kọ́ni ni pé kí á tó sọ fún oníbodè pé kí ó dìde, ó yẹ kí á ti mọ ohun tí àwọn tí ó ń jẹ lára ibodè yóò máa jẹ. Bí owó ìtùnú bá sì wà, kí ó má ṣe mọ sí ààfin nìkan. Kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ru igbá.