IṢẸ́ ÌṢỌ́ NI A FI TẸ ẸDẸ DÓ



Ní òde òní, bí ọmọ ìlú méjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ ààbò kì í pẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kan ní kí a ra ẹ̀rọ ayàwòrán tí yóò máa ṣọ́ òpópó. Àwọn mìíràn ní kí a fi ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ. Ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè, nítorí pé iṣẹ́ ìṣọ́ ni a fi tẹ Ẹdẹ dó.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé àwọn Ìjẹ̀ṣà kan a máa jí ènìyàn gbé lóko, wọn a sì máa da àwọn oníṣòwò láàmú ní ọ̀nà ọjà Àpòmù. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé etígbọ̀ọ́ Aláàfin, ó rán ọdẹ olókìkí kan, Tìmì, pé kí ó lọ dáàbò bo àwọn èrò. Ọfà tí ń jó bí iná ni ó sọ ọ́ di Àgbálé Ọlọ́fà-iná. Ohun ìjà ìgbàlódé ni ọfà náà ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọfà nìkan kọ́ ni ó tún ọ̀nà ṣe: Tìmì tẹ̀dó síbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, ó ń jí níbẹ̀. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan sì ń san owó ẹyọ 5, èyí tí a fi ń bọ́ ẹni tí ń ṣọ́ wọn.

Ìtàn náà ní apá kejì. Agbára Tìmì pọ̀ títí ó fi kọ Aláàfin lóminú, tí ó fi rán Gbọ̀ọ́nkáà sí i. Ìtàn yìí wà nínú eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1963. Ẹni tí ń ṣọ́ ìlú gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa jíhìn fún.

Láti ìgbà náà, ohun èlò ti ń pààrọ̀ ara wọn. Ọkọ̀ ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, wáyà sì bá a rìn. Ní 1930, a so ọlọ́pàá ìhà Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀ di ọ̀kan. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, a fi òpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àwọn tí ó mọ ilé mọ ọ̀nà. Tẹlifóònù alágbèéká dé ní 2001. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2020, ìpínlẹ̀ 6 ti ilẹ̀ wa tún kóra jọ sí Ìbàdàn láti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, nítorí pé a tún ń wá ẹni tí ó mọ igbó àti ọ̀nà.

Kí ni a rí kọ́? Ẹ̀rọ ayàwòrán a máa ríran, ṣùgbọ́n kò lè sáré tẹ̀lé olè. Bí iná bá sì lọ, tí kò sí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Tẹlifóònù a máa ké, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáhùn gbọ́dọ̀ wà lójúfò. Bákan náà, ọlọ́dẹ tí kò ní tọ́ọ̀ṣì tàbí tẹlifóònù, òun nìkan ni yóò gbọ́ igbe ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a nílò.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè nìyí: bí ẹ bá ń dáwó ẹ̀rọ, ẹ má gbàgbé owó oṣù ẹni tí yóò dúró tì í ní òru. Kí àwa tí a wà nílé sì máa ka ìṣirò owó náà sétí ìpàdé, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú àwọn tí wọ́n jẹ́ ojú wa.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìlú wa. Àmín.