"Kò Sí Bẹ́ẹ̀dì": Níbo Gan-an Ni Ọ̀nà Ti Dí?

Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Kò sí bẹ́ẹ̀dì." Bí a bá ti gbọ́ ọ, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé èrò ti pọ̀ jù níwájú wa. A ó wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ó rí ẹni tí ẹsẹ̀ kàn rọ́ àti ẹni tí ibà díẹ̀ ń ṣe, a ó sì sọ nínú ọkàn wa pé àwọn wọ̀nyí ló gba ààyè mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti Ìlú Ọba ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ojú wa ń rí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Ojú ogun ni ìtọ́jú pàjáwìrì ti gbéra. Ní 1792, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jà, oníṣẹ́ abẹ kan wà láàárín àwọn ọmọ ogun wọn tó ń jẹ́ Dominique Jean Larrey. Nígbà náà, ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ á wà nílẹ̀ lójú ogun títí ìjà yóò fi parí, ọ̀pọ̀ á sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Larrey ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó fúyẹ́, tó lè sáré lọ gbé wọn kí ìjà tó tán. Ó tún fi ìlànà kan lélẹ̀: ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ sójà kékeré, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá. Ìlànà yẹn náà ni nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ń lò títí dòní nígbà tó bá ní kí ẹ dúró ná, tó sì gbé ẹni tó dé lẹ́yìn yín wọlé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ pé ó mọ ẹni náà rí o.

Ẹ má rò pé láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti ní ẹ̀ka tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Títí di nǹkan bí 1960, ní Amẹ́ríkà pàápàá, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń fi sí yàrá pàjáwìrì. Níbòmíì, gbogbo dókítà á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tó fi lè jẹ́ pé oníṣègùn awọ ara ni yóò pàdé ẹni tí àyà ń dùn. Ní 1961, ní ìlú Alexandria ní ìpínlẹ̀ Virginia, dókítà James Mills àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi ibi tí oníkálukú wọn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní pàjáwìrì nìkan ni àwọn yóò máa ṣe, tọ̀sán tòru. Àwọn ìlú mìíràn wò wọ́n kọ́ṣe. Ní 1966, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ náà gbé ìwé kan jáde tó gbọn orílẹ̀-èdè jìgìjìgì: jàǹbá ti pa 107,000 ènìyàn ní 1965 nìkan. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti sọ pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì ilẹ̀ náà, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe òwò ìsìnkú ló wà, bí 12,000 wọn, torí pé ọkọ̀ tó ń gbé pósí ló gba ẹni tó dùbúlẹ̀. Ẹ kò ṣì í kà. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé alààyè, òun náà ló ń gbé òkú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Freedom House bẹ̀rẹ̀ ní Pittsburgh, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìtọ́jú tó péye nínú áńbúláǹsì, ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà. Ìtàn tiwọn tó àpilẹ̀kọ mìíràn.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ti wá di iṣẹ́ gidi, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ̀ ọ́. Ní 1986 òfin jáde ní Amẹ́ríkà pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ lé ẹni tó wá sí pàjáwìrì láìyẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí kò bá lówó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, aláìsàn ti ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, áńbúláǹsì sì ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Àlàyé tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nígbà náà kò yàtọ̀ sí tiwa: àwọn tí àìsàn wọn kò tó nǹkan ló ń dí ọ̀nà, kí wọ́n lọ sí kíníìkì kékeré.

Michael Schull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ontario, ní Kánádà, fi àlàyé yìí sórí ìwọ̀n. Wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì 110, ìgbà tí aláìsàn wá síbẹ̀ lápapọ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Èsì wọn jáde ní 2007. Bí aláìsàn mẹ́wàá tí tiwọn kò le bá wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ, ohun tí wọ́n fi kún àkókò tí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le yóò lò níbẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún o, kì í ṣe wákàtí márùn-ún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ tí a ń fojú burúkú wò lórí bẹ́ǹṣì yẹn, a ṣẹ̀ ẹ́ lásán.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ wà? Ní 2003, ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò jábọ̀ pé ohun tó sábà máa ń fa èrò náà jù ni pé wọn kò rí bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù gbé àwọn tí pàjáwìrì ti tọ́jú tán lọ. Ọdún kan náà ni Brent Asplin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a yé wo ẹnu ọ̀nà nìkan, kí a wo bí aláìsàn ṣe ń wọlé, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú ilé, àti bí aláìsàn ṣe ń jáde. Ẹ ti rí gọ́tà tó dí nísàlẹ̀ àdúgbò rí. Ẹnu ọ̀nà àwọn tó wà lókè ni omi ti ń yọ, àwọn ni yóò sì máa bú òjò.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Dókítà pàjáwìrì ti yẹ bàbá àgbàlagbà kan wò, ó ti fún un lóògùn, ó ní kí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ pàjáwìrì ti parí lára bàbá náà. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kún, bàbá á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì pàjáwìrì di ọ̀la. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gba aláìsàn tuntun ló ń wọn ìfúnpá rẹ̀, òun náà ló ń fún un lóògùn alẹ́. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́wàá nínú ẹ̀ka tó ní bẹ́ẹ̀dì méjìlá, méjì péré ló kù fún gbogbo ìlú.

Ọ̀rọ̀ ìnira nìkan kọ́ ni èyí. Ní 2006, Drew Richardson fi hàn ní Canberra, ní Ọsirélíà, pé nínú iye aláìsàn kan náà, bí 100 bá kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá nínú àwọn tó dé nígbà tí ààyè wà, bí 134 ni yóò kú nínú àwọn tó dé nígbà tí èrò kún. Ní 2022, ìwádìí mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì wo àwọn aláìsàn tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù, iye wọn lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Wọ́n rí i pé nínú gbogbo 82 tí wọ́n dá dúró kọjá wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, ẹnì kan yóò kú láàárín oṣù kan tí kì bá tí kú.

Nínú àwọn tó wá nǹkan ṣe sí i, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Peter Viccellio, dókítà pàjáwìrì ní Stony Brook, ní New York. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le: bí aláìsàn bá máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́nàkọnà, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàjáwìrì nìkan? Láti 2001, bí pàjáwìrì bá ti kún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn tí wọ́n ti gbà káàkiri wọ́ọ̀dù lókè, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gba ẹnì kan tàbí méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì òkè bẹ̀rù pé aláìsàn á kú sí àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ka èsì ọdún mẹ́rin, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ pé kété tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé òkè, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní kò sí á yọjú. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí! Nígbà tí ìnira náà bá wà lójú ẹni tó lè wá nǹkan ṣe sí i, ara á yá a.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2004, wọ́n ní 98 nínú 100 aláìsàn gbọ́dọ̀ kúrò ní pàjáwìrì láàárín wákàtí mẹ́rin. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń "gbéra" ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Ní 2010 wọ́n dín in kù sí 95. Láti 2015, Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni àwọn àgbàlagbà tí ara wọn ti yá tó láti kúrò ní wọ́ọ̀dù, àmọ́ tí kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Òfin wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin ti 2017 sì ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ọlọ́pàá fọwọ́ sí i o, kò fọwọ́ sí i o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o. Òfin rere ni méjèèjì, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé nínú ìjọ wa mọ̀ wọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́. Ọ̀nà àbájáde wa níhìn-ín ní àgádágodo tirẹ̀, owó ni. Ẹ bẹ wọ́ọ̀dù wò, ẹ ó rí ìyá tí dókítà ti ní kó máa lọ sílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì torí pé kò tíì san owó ìtọ́jú. Owó náà ń gorí ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ fún ẹlòmíì pé kò sí bẹ́ẹ̀dì, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Àwa tí a jìnnà sílé, tí ìjọ ni ẹbí wa, a máa ń dá owó nígbà tí ènìyàn wa bá wà ní pàjáwìrì, a kì í sì í ronú kan ẹni tó ti gba ìdásílẹ̀ tí kò rí owó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ńlá ní ẹ̀ka tó ń rí sí àwọn aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn ló mọ ẹni tó ti gba ìdásílẹ̀ tí kò tíì lọ, wọ́n mọ iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, nígbà míì ó sì lè kéré sí iye tí a fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún kan. Àwọn ni kí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ wa lọ bá, kí wọ́n sì lọ láàárọ̀, torí bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣófo láàárọ̀ á ti rí ẹni gbà kí ọjọ́ tó rọ̀.