Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà Inú Igbó? Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Òkè Tamalpais

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àgùnlọ kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn baba wa sọ ọ́. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ohun tí ń yọ̀ geere lórí ọ̀nà títẹ́jú ni wọ́n rí. Gbòǹgbò, òkúta àti ẹrẹ̀ kò sí nínú orúkọ náà. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n fi ọ̀nà títẹ́jú sílẹ̀, tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó, tí wọ́n sì sọ gígùn rẹ̀ níbẹ̀ di eré ìdárayá tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa bẹ̀rẹ̀ láti ara irin, wọn a sì parí rẹ̀ sí ara irin: ta ni ó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ náà, ta ni ó kọ́kọ́ tà á. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà ni ó yẹ kí á wò. Kẹ̀kẹ́ kò ṣòro láti rí. Ọ̀nà tí a ó gùn ún gbà ni ó ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a kì í sábàá dárúkọ. Ní ọdún 1896, ní ibùdó ọmọ-ogun tí a ń pè ní Fort Missoula, ní ìpínlẹ̀ Montana, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan, James Moss, kó àwọn ọmọ-ogun díẹ̀ jọ láti wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin lójú ogun. Ènìyàn dúdú ni àwọn ọmọ-ogun náà, láti inú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 25. Òyìnbó ni ọ̀gá wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Júùnù ọdún 1897, ogún nínú wọn gbéra pẹ̀lú Moss, dókítà kan àti akọ̀ròyìn kan. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ kọjá àwọn òkè Rocky, nínú òjò àti yìnyín. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá di táyà wọn pa, wọn a ti kẹ̀kẹ́ gun ojú irin rélùwéè, wọn a máa gbá kòtò-gegele lórí àwọn igi rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Júláì wọ́n wọ ìlú St. Louis. Ìrìn náà tó nǹkan bí máìlì 1,900, ọjọ́ 41 ni wọ́n sì fi rìn ín. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Amẹ́ríkà àti Spéènì, a kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Kúbà, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sì parí síbẹ̀. Wọ́n ti fi hàn pé kẹ̀kẹ́ lè kọjá níbi tí kò sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìkọjá ẹ̀ẹ̀kan kì í la ọ̀nà. Koríko a tún padà hù.

Ó tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó tún jí, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Àgbègbè kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Marin, ní ìhà àríwá San Francisco, lódìkejì afárá Golden Gate. Ní àárín rẹ̀ ni òkè Tamalpais wà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,571. Igbó ọba pọ̀ lára òkè náà, igi redwood gígùn gbọọrọ sì wà ní àwọn àfonífojì rẹ̀. A ti la ọ̀nà sí i tipẹ́, kí àwọn panápaná lè rí ọ̀nà gbà bí iná bá ń jó igbó. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn tí a ṣe kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun àgbáyé kejì. Táyà wọn tóbi, irin wọn nípọn, wọ́n sì wúwo. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti jù sí ẹ̀yìnkùlé ni àwọn wọ̀nyí tún ṣe, wọ́n ń já ohun èlò láti ara alùpùpù mọ́ ọn. Orúkọ tí wọ́n fún un, klunker, fi hàn pé ariwo rẹ̀ kò kéré.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀kitóbà ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje lórí ọ̀nà panápaná kan lẹ́bàá ìlú Fairfax. Ọ̀nà náà fi nǹkan bí máìlì méjì sọ̀kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,300. Alan Bonds ni ó borí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Repack ni a ń pe ìdíje náà, ẹ̀kọ́ sì wà nínú orúkọ yìí fún àwa tí ń kọ́ èdè. Inú àárín àgbá ẹ̀yìn ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn wà. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, gíríìsì inú rẹ̀ a gbóná, a jó, a sì di èéfín. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún sáré gbọ́dọ̀ tú àgbá náà, kí ó tún gíríìsì mìíràn kì sínú rẹ̀. Àtúnkì yìí ni ó di orúkọ òkè.

Láti ibẹ̀ ni irin ti yára tẹ̀ síwájú. Joe Breeze, ọ̀kan nínú àwọn tí ń sáré níbẹ̀, ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun tí ó bá òkè mu ní ọdún 1977. Ní ọdún 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ tí Tom Ritchey ṣe férémù rẹ̀. Ní ọdún 1981, kẹ̀kẹ́ Stumpjumper jáde láti ilé iṣẹ́ Specialized, tí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìsọ̀. Ní ọdún 1996, eré náà wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta.

Bí ẹ bá bi àwọn òpìtàn irin, ibí yìí ni wọn yóò ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ ti ń pọ̀ sí i nínú igbó ni ìjà ń pọ̀ sí i. Àwọn tí ń rìn fún ìsinmi ti wà ní òkè Tamalpais láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójijì, ní kọ́nà tí ojú kò lè ríran kọjá, ọ̀dọ́ kan a yọ bí ọfà. Ẹṣin a ta gìrì, arúgbó a bẹ́ sínú igbó. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn. Àwọn ológeere náà ní ẹjọ́ tiwọn: wọ́n ní owó orí ni àwọn náà ń san, ìjọba kò sì lè ṣí igbó fún apá kan kí ó tì í mọ́ apá kejì. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, a ti fi òfin lé wọn kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró Marin. Ọ̀nà panápaná ni a fi sílẹ̀ fún wọn, a sì ní wọn kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 15 lọ ní wákàtí kan. Ní ọdún 1984, ìjọba àpapọ̀ là á mọ́lẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọ àwọn igbó tí òfin ọdún 1964 yà sọ́tọ̀ pé kí a má ṣe fi ọwọ́ ẹ̀rọ kàn. Àwọn tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè wá di àlejò lórí òkè tiwọn.

Kí ni wọ́n ṣe? Ní ọdún 1988, àwọn ẹgbẹ́ ológeere Kalifọ́níà para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní IMBA. Wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan kọ́. Wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ohun tí a ń pè ní ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe, wọ́n sì rí i pé ọ̀tá ọ̀nà ju táyà lọ: omi òjò ni. Nítorí náà, ojú ọ̀nà tí a bá là lára òkè gbọ́dọ̀ dà díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, kí omi lè rékọjá, kí ó má ṣe sọ ọ̀nà di odò. Bí ọ̀nà bá ti ń sọ̀kalẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún gbé e gòkè díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí omi má bàa rí àyè sáré. Ìdagẹ̀rẹ́ ọ̀nà kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìdagẹ̀rẹ́ òkè tí ó gbà kọjá. Bí ọ̀nà bá tutù, kí ológeere fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Wọ́n tún rí ọgbọ́n mìíràn, èyíinì ni ọ̀nà àyíká, tí a ń gbà jáde tí a sì ń bá padà sí ibi tí a ti gbéra láìpadà sẹ́yìn. Bí gbogbo ènìyàn bá gba apá kan náà lọ, kò sí ẹni tí yóò fi orí sọ ẹnì kejì ní kọ́nà. Irú ọ̀nà àyíká bẹ́ẹ̀ wà ní Tamarancho, nítòsí Fairfax kan náà, lórí ilẹ̀ àwọn Boy Scouts, láàrin igi óákù àti redwood. Àwọn onílẹ̀ kò lé ológeere. Wọ́n ní kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó, kí ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń tọ́jú ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ní tèmi, níbẹ̀ ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé. Àwọn ọmọ-ogun ọdún 1897 ní agbára àti ìgboyà, ṣùgbọ́n a kò fún wọn ní àyè láti fi ọ̀nà kankan sílẹ̀. Àwọn ọmọ Repack ní kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi eré sísá pàdánù ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n gbé ọkọ́ ni ọ̀nà padà ṣí fún. Kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ kọjá ni ó ni ọ̀nà, kì í sì í ṣe ẹni tí ó yára jù. Ẹni tí ó bá ń ro ó ni ó ni ín, bí òun nìkan kò bá sì dá a gbà, yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.