Wíwú Párì Àwọn Ọmọdé: Ìtàn Jẹjẹrẹ Kan láti Kampala dé Ọ̀ríta Mẹ́fà

Nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ń mú ẹnu àti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ṣòro láti rí èyí tí ìtàn ìdámọ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ Áfíríkà tó èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Burkitt lymphoma. Lymphoma ni jẹjẹrẹ tí ó ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń dáàbò bo ara bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ibà ti ń jà. Eyín ọmọ a kọ́kọ́ máa mì láìtíì tó àsìkò tí ó yẹ kí ó yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú, ojú a yọ síta, nítorí pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà lè di ìlọ́po méjì.

Àìsàn náà ti wà kí ó tó ní orúkọ. Albert Cook, míṣọ́nnárì oníṣègùn tí ó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní Kampala ní 1897, ti kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó fa ìdíwọ́ ni pé ibi tí wíwú bá ti yọ ni àwọn oníṣègùn fi ń sọ ọ́ lórúkọ: ti párì ni wọ́n ń kà mọ́ jẹjẹrẹ egungun, ti inú ni wọ́n sì ń kà mọ́ ti kíndìnrín. Ní 1957 ni oníṣègùn kan, Hugh Trowell, pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, kí ó wá wo ọmọkùnrin kan tí párì rẹ̀ wú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò pẹ́ tí Burkitt tún rí ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja, tí párì rẹ̀ wú bákan náà, tí kókó sì wà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó padà sídìí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sì rí i pé àìsàn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ní 1958 ó kọ ọ́ jáde, ó sì pè é ní sarcoma, èyíinì ni jẹjẹrẹ ẹran ara tàbí egungun. Gregory O'Conor àti J. N. P. Davies, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àyẹ̀wò ẹran ara lábẹ́ awò, ni ó fi hàn pé lymphoma ni: àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú ṣù mọ́ ara wọn, àwọn ńlá tí ó mọ́lẹ̀ sì tàn káàkiri láàárín wọn bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run.

Ní 1961, Burkitt àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ Ford àlòkù kan tí wọ́n rà ní £250, wọ́n rin nǹkan bíi kìlómítà 16,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n ń fi àwòrán bi àwọn oníṣègùn ìlú dé ìlú bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀. Ìwádìí olówó pọ́ọ́kú yìí so èso ju ọ̀pọ̀ tí a ná owó ńlá lé lórí: àìsàn náà kò sí níbi tí òtútù tàbí ọ̀dá ti pọ̀, ààlà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ibà tí ẹ̀fọn ń fà dọ́gba. Lọ́dún yẹn kan náà ni oníwádìí kan, Michael Epstein, gbọ́ àlàyé Burkitt ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1964, òun, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lọ́wọ́ sí jẹjẹrẹ ènìyàn.

Ipa tí Ìbàdàn kó ni a kì í sábà sọ. Ní ilé ìwòsàn UCH, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ọ̀ríta Mẹ́fà, oníwádìí R. J. V. Pulvertaft mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà láti párì òkè ọmọkùnrin Nàìjíríà kan ní 1963, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ń bí sí i nínú ìgò títí di òní ní àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé. Oníwádìí B. O. Ọ̀ṣunkọ̀yà ní Ìbàdàn náà ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí. Ní ti ìtọ́jú, ọ̀bẹ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí pé gígé párì ń ba ojú ọmọ jẹ́, kókó náà sì ń padà wá. Oògùn ni ó ṣẹ́gun, nítorí pé ohun tí ń yára pín ni oògùn bíi cyclophosphamide ń pa jù. Ìyára yẹn kan náà sì léwu, torí pé ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì tí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà lè dí kíndìnrín, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọmọ ní omi púpọ̀. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, fi oògùn yìí wo àwọn ọmọ sàn. Ní 1972, òun, Burkitt àti John Ziegler ti Kampala wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ti Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ náà.