Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Ọgbọ́n Ẹni Tí Ó Rà Á

Bí a bá ń sọ ìtàn òwò kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀, oníṣòwò àti ìjọba ni a sábà máa ń dárúkọ. A kì í ka ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń gbé èso náà kúrò ní oko tí ọkọ̀ ojú irin kò dé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè púpọ̀ ń du ọjà wa, báwo ni àwọn olówó ọkọ̀ ṣe ń mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n rà?

Reluwé dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, tí òwò ọkọ̀ sì ń gbilẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ṣe òwò yìí ní àwọn ọdún 1930, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní 1931 ni Bedford jáde ní ìlú Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọba ojú ọ̀nà wa lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í ṣe nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso wa nìkan. Ẹ́ńjìnì àti irin ìdí ọkọ̀ ni olówó ọkọ̀ sábà máa ń rà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀. Báyìí ni bọ́lẹ̀kájà ṣe di ọmọ ilé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìyípadà yìí la ọ̀nà fún ọkọ̀ Jámánì. Mercedes 911 gba ipò. Ìtumọ̀ wà nínú nọ́ńbà náà: 9 ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n, 11 sì ń tọ́ka sí agbára ẹṣin 110. Dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń mu. Ìjọba tún bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè dá ibi ìtolẹ́sẹẹsẹ ọkọ̀ sílẹ̀: ti Leyland wà ní Ìbàdàn, ti Mercedes sì wà ní Enugu. Síbẹ̀, orúkọ 911 ni ó wà lẹ́nu tàgbà tèwe.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní ọkọ̀ méjì. Kí ó tó ra ọkọ̀, kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó. Mẹkáníìkì ni ó máa ń lọ bá. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: “Ta ni ó mọ̀ ọ́n tún ṣe? Níbo ni a ti ń rí páàtì rẹ̀? Bí ó bá kú lóru ní Ọ̀rẹ̀, ta ni yóò jí i?” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó kọ ẹ̀yìn sí ọgbọ́n yìí. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan wọ̀ ọ́ lójú, ó rà á. Oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi jókòó lórí òkúta, nítorí páàtì kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lọ́dún náà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dúró sílé nítorí owó ilé-ìwé.

Àwọn tí a ń pè ní aláìmọ̀wé yìí ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ sínú ìwé: iye tí a fi ra ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo iye tí yóò ná ni. Owó epo, owó àtúnṣe àti ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1987, General Motors ta iṣẹ́ akẹ́rù Bedford. Àkísà sì ti ń bá ibi ìtolẹ́sẹẹsẹ ọkọ̀ ti ilé wa náà. Ọ̀pọ̀ akẹ́rù tí a ń rà lónìí jẹ́ tokunbọ̀, tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ yàn fún ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tí ó ń tún un ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọkọ̀ tí kò ní oníṣègùn nílé kì yóò rin ọ̀nà jìnnà.